Àdúgbò Tí Wọn Kì í Ti Ẹ̀rọ Omi

Kò sí ẹni tó ń ti ẹ̀rọ omi ní àdúgbò náà. Àlejò tó bá kọ́kọ́ wọ ibẹ̀ lè rò pé iyè àwọn ará ibẹ̀ ti ra, nítorí ilé yòówù tó bá wọ̀, yóò bá ẹnu ẹ̀rọ ní ṣíṣí sílẹ̀ gbayawu, garawa òfìfo yóò sì wà lábẹ́ rẹ̀. Ọgbọ́n ni wọ́n ń dá o. Ọjọ́ tí omi bá pinnu láti dé, ì báà jẹ́ ìgbà tí gbogbo ilé ti lọ síbi iṣẹ́, garawa yóò gbà á sílẹ̀ dè wọ́n. Ọdún kẹrìnlélógún rèé tí wọ́n ti ṣí ẹ̀rọ de omi. Aláǹtakùn ló ń gbé inú ẹ̀rọ mìíràn níbẹ̀, tó ti bímọ, tí ọmọ náà ti bímọ.

Télọ̀ ni gbogbo èèyàn ń pe obìnrin tó ń ránṣọ ní yàrá iwájú ilé kẹjọ. Láàárọ̀ ọjọ́ tí à ń sọ yìí, kò tíì bọ́jú tó fi lọ wo garawa tirẹ̀ nínú kíṣìnì. Eruku ló bá níbẹ̀. Ó dà á nù, ó dá garawa padà sáyè rẹ̀, ó sì bú ẹni tó yẹ kó bú lábẹ́ ahọ́n. Omi tó kù nínú ilé kò ju ìdajì kẹ́ẹ̀gì kan lọ, èyí tó fi orí gbé láti òkè lọ́hùn-ún níbi tí wọ́n ti ń tà á. Inú rẹ̀ ni ìrẹsì yóò ti jinná, inú rẹ̀ náà ni ìyá ọkọ rẹ̀ yóò ti wẹ̀. Ìyá àgbà kò lè dìde lórí ibùsùn mọ́ láti ọdún tó kọjá, ẹ̀yìn wọn sì ti ń bó. Nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì, tó ń gbé ní ọ̀ọ́kán wọn, ti kìlọ̀ pé bí wọn kò bá máa fọ egbò náà lójoojúmọ́, yóò jẹ wọ eegun. Lójoojúmọ́! Ó dùn ún sọ lẹ́nu.

Ọkọ Télọ̀ ti múra tán, ó dúró sẹ́nu ọ̀nà kíṣìnì pẹ̀lú àpò kámẹ́rà léjìká. Ẹ̀wù aláwọ̀ eérú tí Ọ̀gá Tẹlifíṣọ̀n dá fún gbogbo àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ ló wọ̀.

Ọ̀gá Tẹlifíṣọ̀n yìí, ó ti pẹ́ tó ti fi ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n sílẹ̀. Òun ni olórí ibẹ̀ nígbà kan, òun náà ló sì máa ń gbé kámẹ́rà wọ ilé àwọn tálákà, tí yóò ṣí ẹ̀rọ gbígbẹ níwájú gbogbo ayé, tí yóò wá kọjú sí àwọn aláṣẹ, tí yóò béèrè pé, "Omi wa dà?" Àwọn èèyàn fẹ́ràn rẹ̀ dé góńgó. Wọ́n ní kó wá ṣe káńsẹ́lọ̀, ó ṣe é. Wọ́n ní kó wá ṣe aṣòfin, ó ṣe é. Ó ṣe mínísítà, ó tún padà wá ṣe aṣòfin, ìbò keje ló sì ń wá báyìí. Síbẹ̀, orúkọ iṣẹ́ àtijọ́ kò kúrò lára rẹ̀. Bóyá nítorí pé iṣẹ́ yẹn gan-an ló ṣì ń ṣe ni.

"Ìyá Àbígbẹ̀yìn," ọkọ rẹ̀ ní, "aṣọ búlúù yẹn ńkọ́, èyí tó o wọ̀ lọ́jọ́ tí ọmọ gba ẹ̀bùn níléèwé?"

"Ó wà nínú àpótí. Kí ló ṣe é?"

"Ó máa ń dára nínú àwòrán."

Télọ̀ gbé ìkòkò ìrẹsì sílẹ̀. "Àwòrán wo?"

Ọkùnrin náà fẹnu họ ọ̀rọ̀ díẹ̀ kó tó lè sọ ọ́ jáde. Ọ̀gá ń bọ̀ lọ́sàn-án láti wá ṣí ẹ̀rọ omi tuntun tí wọ́n rì mọ́ orí òkè àdúgbò. Wọ́n nílò obìnrin kan tí yóò gbé garawa àkọ́kọ́. Akọ̀wé Ọ̀gá ní kì í ṣe òṣèré ni àwọn fẹ́, ẹni tí ará àdúgbò mọ̀ tí wọ́n sì fọkàn tán ni. Òun sì ti dárúkọ ìyàwó òun.

"Ẹ dárúkọ ta ni?"

"Garawa kan péré ni. Kò lè ju ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ."

"Ṣé omi wà nínú ẹ̀rọ náà?"

Ọkọ rẹ̀ wo bàtà ara rẹ̀. "Omi á wà níbẹ̀ tí àkókò bá tó."

"Láti ibo, Bàbá Àbígbẹ̀yìn? Ẹ wò mí lójú. Láti ibo?"

"Wọ́n ti gbé táńkà kan pa mọ́ sẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù onítáyà. Wọ́n á fi rọ́bà so ó mọ́ páìpù ńlá, wọ́n á fi ẹ̀rọ ti omi náà gòkè."

Àbígbẹ̀yìn, ọmọbìnrin wọn, tó ń jẹ búrẹ́dì gbígbẹ nídìí tábìlì nítorí pé kò sí omi tíì, kò rún ẹnu mọ́.

"Ẹ wọlé lọ," Télọ̀ ní. "Ẹ lọ bi màmá yín léèrè bóyá kí n gbé garawa."

Ọkùnrin náà yíjú wo yàrá, nítorí ó mọ̀ pé kò jìnnà, ìyá òun sì ti gbọ́. Ìyá àgbà ló gbé garawa àkọ́kọ́ lọ́jọ́sí, nígbà tí ara wọn ṣì le, nígbà tí Ọ̀gá Tẹlifíṣọ̀n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wá ìbò àkọ́kọ́. Ẹ̀rín wọn tàn ká gbogbo ìlú lórí tẹlifíṣọ̀n. Nígbà tó di ọjọ́ kejì tí ẹ̀rọ náà gbẹ, ará àdúgbò sọ wọ́n ní Ìyá Olómi. Àwọn ọmọdé ń kọ ọ́ lórin tẹ̀lé wọn, àwọn àgbà ń fi dá ẹ̀fẹ̀ lórí ìlà ibi tí wọ́n ti ń ra omi. Láti ìgbà náà, wọn kò dáhùn sí orúkọ yẹn rí. Ní ọjọ́ kan ní ilé ìwòsàn, akọ̀wé kan pè wọ́n bẹ́ẹ̀ láìmọ̀. Wọ́n dìde nílẹ̀ wọ́n sì gba ilé lọ, pẹ̀lú ibà lára.

"Ọ̀gá ti ṣèlérí fún mi," ọkọ rẹ̀ sọ, ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀. "Tí iṣẹ́ òní bá dára, wọ́n á dá mi padà sí ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n. Màá di olórí àwọn ayàwòrán, màá máa jókòó sórí àga. Ojú mi ń kú lọ, ìwọ náà kúkú mọ̀."

"Ṣé irú ìlérí omi yẹn náà ni?"

"Màámi, tí wọ́n bá fi yín hàn, gbogbo kíláàsì mi ló máa rí yín," Àbígbẹ̀yìn dá sí i.

"Máa jẹ búrẹ́dì rẹ. Ojú mi yìí, èmi ni mo ni ín. Mi ò ní fi yá ẹnikẹ́ni pa irọ́. Bí irọ́ bá sì lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa bá a."

"Ọdún mẹ́rìnlélógún ni, Màámi. Ó ti fi mẹ́rin lé e."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín, àfi Ìyá àgbà, nínú yàrá. Ẹ̀rín kékeré kan ni, ó gbẹ bí èèpo. Ọkọ Télọ̀ gbé àpò kámẹ́rà rẹ̀, ó jáde láìjẹun.

Kò pẹ́ tí ilẹ̀ mọ́ tán tí ariwo fi gba àdúgbò. Wọ́n ń gbálẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò gbá rí, wọ́n ń ta ìbòrí, wọ́n ń to àga. Télọ̀ jókòó sídìí máṣíìnì rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ kò dúró sójú kan. Ó rán apá aṣọ oníbàárà kan sódì, ó tú u, ó tún un rán sódì padà. Ó dìde, ó yọjú lójú fèrèsé, ó tún jókòó. Ìgbà yẹn ni nọ́ọ̀sì wọlé pẹ̀lú aṣọ tuntun lápá.

"Bá mi fún aṣọ yìí níbàdí díẹ̀. Kíákíá ni o, wọ́n ní kí n dé ibẹ̀ kó tó di ọ̀sán."

Télọ̀ wo aṣọ náà, ó wo ẹni tó ni ín. "Ẹ̀yin náà kọ́, Nọ́ọ̀sì."

"Èmi kọ́ kẹ̀? Ìwọ ni wọ́n kọ́kọ́ pè, o ní o ò ṣe. Ẹnì kejì náà kì í ṣe ẹran."

"Ṣé ẹ gbà á gbọ́ ni?"

"Ta ló bi mí bóyá mo gbà gbọ́? Ogójì ọdún ni mo fi fún àwọn èèyàn lóògùn tí kò sí nínú ìgò. Garawa tuntun ni wọ́n máa fún mi, oní-ìdérí. Bí omi inú rẹ̀ bá jẹ́ irọ́, garawa náà kì í ṣe irọ́." Ó jókòó sórí àpótí. "Má wò mí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ń gbé lórí àjà kejì, tó ń gbé omi gorí àtẹ̀gùn pẹ̀lú orúnkún yìí, ẹnu rẹ̀ kì í le."

Télọ̀ gbé aṣọ náà sídìí máṣíìnì. Ó fún ìbàdí aṣọ náà tó bó ṣe yẹ, kò sì gba ohunkóhun lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wu ú kó bínú sí obìnrin náà, ìbínú náà kò rí ibi jókòó sí.

Nígbà tí ọ̀sán pọ́n, kò ku ẹnikẹ́ni nínú ilé àfi òun àti ìyá ọkọ rẹ̀. Àbígbẹ̀yìn pàápàá ti sá lọ wòran. Télọ̀ bu omi sínú abọ́ kékeré kan, ó ri aṣọ rírọ̀ bọ̀ ọ́, ó sì yí Ìyá àgbà dà sẹ́gbẹ̀ẹ́. Egbò náà ti ń rùn. Ó ń fi omi ẹ̀kán-ẹ̀kán nù ún, ó ń fún aṣọ náà padà sínú abọ́ kan náà, ojú sì ń tì í. Láti orí òkè, ohùn Ọ̀gá Tẹlifíṣọ̀n ń bọ̀ nínú ẹ̀rọ gbohùngbohùn, ohùn tó dùn bí oyin, tí ọjọ́ orí kò rí nǹkan ṣe sí.

"Omi wa dà?" ó pariwo.

"Omi dé!" èrò dáhùn, bí wọ́n ṣe kọ́ wọn.

"Ohùn náà ò darúgbó," Ìyá àgbà ní. "Èmi nìkan ló darúgbó."

Wọ́n ka ení, èjì, ẹ̀ta lókè. Lẹ́yìn náà, gbogbo rẹ̀ pa lọ́lọ́. Télọ̀ dúró, aṣọ lọ́wọ́. Dípò àtẹ́wọ́, nǹkan kan wúkọ́ nínú kíṣìnì.

Ó kọ́kọ́ rò pé eku ni. Ó tún wúkọ́. Páìpù inú ògiri gbọ̀n, ó kérora, ẹ̀rọ náà pọ aláǹtakùn kan jáde tòun ti ilé rẹ̀. Omi pupa tẹ̀lé e, pupa bí ìpẹtà, ó ń tu, ó ń dúró, ó ń tu. Lẹ́yìn náà ó mọ́. Ó mọ́ gaara, ó sì ń rọ́ sínú garawa tí kò gba nǹkan kan rí ju eruku lọ.

Ẹni bá fẹ́ kó dá Télọ̀ lẹ́jọ́. Obìnrin náà gbàgbé táńkà. Ó gbàgbé ìbúra àárọ̀, ó gbàgbé ẹni tó wà lórí òkè. Ó pariwo tó bẹ́ẹ̀ tí ohùn rẹ̀ fi há. Garawa kún, ó fa ìkòkò síbẹ̀. Ìkòkò kún, ó fa agbada, ó fa abọ́ ìfọṣọ, ó fa ike tí ó máa ń kó bọ́tìnnì sí, ó da bọ́tìnnì nù sílẹ̀. Ó bomi sórí. Ó bomi sójú. Ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń pe Ìyá àgbà, ó ń sunkún mọ́ ọn.

"Omi tí èèyàn máa mu kò ní ṣàn kọjá ẹni!" ló ń pariwo. "Màámi, omi rèé! Màá wẹ̀ yín títí ẹ máa fi ní ó tó!"

Nílé kejì, wọ́n ń pariwo. Nílé kẹta náà, bẹ́ẹ̀ ni. Ẹsẹ̀ ń dún gìrìgìrì sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè, gbogbo àdúgbò ń sáré padà wálé. Onítáyà ń sá kọjá lójú fèrèsé, ó ń fi gbogbo ẹnu rò ó fún ẹni tó fẹ́ gbọ́ àti ẹni tí kò fẹ́: wọ́n ṣí ẹ̀rọ tuntun, ẹ̀rọ tuntun fọn fèrè, kò mú ẹ̀kán kan wá! Àwọn tó so táńkà mọ́ páìpù kò mọ̀ pé gbogbo ilé ló ṣí ẹ̀rọ tiwọn sílẹ̀. Omi rí ìsàlẹ̀, omi rí ẹnu tó là sílẹ̀, ó kọ òkè, ó yà sílé onílé. Nọ́ọ̀sì nìkan ló ṣẹ́kù níbẹ̀ pẹ̀lú garawa tuntun, òun náà kò sì pẹ́ tó fi ká aṣọ sókè tó sáré.

Bí ó bá jẹ́ olóṣèlú mìíràn ni, ìtìjú ìbá gbé e lọ sínú ọkọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti ṣe olórí ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n mọ ohun tí olóṣèlú lásán kò mọ̀: ibi tí nǹkan ti bàjẹ́ ni àwòrán tó dára wà. Télọ̀ kò mọ ìgbà tí ó wọlé. Ó kàn rí ọkùnrin kan tó bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà, tó ká ṣòkòtò dé orúnkún, tó gbá etí ìkòkò kejì mú láti bá a gbé e.

"Màmá, ẹ rọra," ọkùnrin náà ní, "ó wúwo. Kí lẹ rí yìí?"

"Omi ni!" Télọ̀ dáhùn. Ojú rẹ̀ tutù, eyín rẹ̀ funfun, ayọ̀ ti pa á bí ọtí. "Omi dé! Ó dé inú ilé mi!"

"Ọdún mélòó lẹ ti ń retí rẹ̀?"

"Ọdún mẹ́rìnlélógún!"

Ọkùnrin náà yí padà sí ẹnu ọ̀nà. "Ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu wọn. Àwọn èèyàn ní títì ni mo máa gbé omi dé. Mo ní rárá o, inú kíṣìnì ìyá mi ni."

Ìgbà yẹn ni Télọ̀ rí iná pupa kékeré náà. Kámẹ́rà ló wà lẹ́yìn iná náà, ọkọ rẹ̀ ló wà lẹ́yìn kámẹ́rà, ó di ojú kan, ó fi ìkejì mọ́ ọn, ó dúró láìmira bí ẹni tó ń dọdẹ. Ẹ̀rín kú lójú obìnrin náà.

"Ó tó," Ọ̀gá Tẹlifíṣọ̀n ní. Ó nu ọwọ́ rẹ̀ sára aṣọ tí Télọ̀ ń rán lọ́wọ́, ó wọ bàtà. Akọ̀wé rẹ̀, ọmọbìnrin tí kò lè kọjá ọdún márùndínlọ́gbọ̀n, na ọwọ́ sí ọkọ Télọ̀, ó yọ káàdì inú kámẹ́rà, ó sì fi sínú àpò rẹ̀. Wọ́n ti jáde kí ìkòkò kẹrin tó kún. Kò sì kún náà. Ẹ̀rọ náà wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó kán tó, tó, ó dákẹ́.

"Ẹ pe ọmọbìnrin yẹn padà," Télọ̀ ní.

"Kò sí lọ́wọ́ mi mọ́."

"Mo ní ẹ pè é padà! Mo sọ fún yín láàárọ̀. Ṣé mi ò sọ fún yín láàárọ̀?"

"Mi ò mọ̀-ọ́n-mọ̀ ṣe é." Ọkùnrin náà ń dá kámẹ́rà padà sínú àpò. "Nígbà tí mo dé ẹnu ọ̀nà, ìmọ́lẹ̀ fèrèsé bọ́ sí ọ lójú, o ń rẹ́rìn-ín. Láti ìgbà tí mo ti fẹ́ ọ, mi ò rí i kó o rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀ rí. Ọwọ́ mi ti gbé kámẹ́rà kí n tó ronú. Tí mi ò bá ya ìyẹn, kí ni mo tún fẹ́ yà láyé?"

Télọ̀ wò ó. Ohun tó burú jù ni pé ó mọ̀ pé òótọ́ ló ń sọ. A sọ̀kò sọ́jà, ó bá ará ilé ẹni. Ó gbé ìkòkò kan, ó wọ yàrá, ó ti ilẹ̀kùn, ó sì wẹ Ìyá àgbà látòkè délẹ̀. Ó fọ egbò náà títí omi fi mọ́ nínú abọ́.

Ọkọ rẹ̀ jáde, ó sì padà wá nígbà tí oòrùn ń wọ̀, pẹ̀lú ẹyin àti búrẹ́dì rírọ̀. Ó gbé wọn sórí tábìlì. Ó ní Ọ̀gá bọ òun lọ́wọ́ níwájú gbogbo èèyàn. Ó ní Ọ̀gá ti pe ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n, pé kí òun bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ Ajé. Télọ̀ se ìrẹsì, ó din ẹyin, ó gbé ti kálukú fún un. Òun kò jẹ nǹkan kan.

Nígbà tí ìròyìn àṣálẹ́ bẹ̀rẹ̀, Àbígbẹ̀yìn ló tan tẹlifíṣọ̀n. Ojú ìyá rẹ̀ kún inú àpótí náà, omi ń kán lágbọ̀n rẹ̀. Omi dé! Ó dé inú ilé mi! Wọn kò fi ẹ̀rọ gbígbẹ hàn, wọn kò fi táńkà hàn, wọn kò fi nọ́ọ̀sì hàn. Ẹ̀rín Télọ̀ ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, òun náà ni wọ́n fi parí. Ẹni tó bá wò ó kò lè sọ pé irọ́ ni, nítorí kò sí irọ́ nínú ẹ̀rín náà.

"Ẹ rẹwà o, Màámi," Àbígbẹ̀yìn ní jẹ́jẹ́, ó sì pa tẹlifíṣọ̀n.

Ẹni àkọ́kọ́ tó kanlẹ̀kùn jẹ́ obìnrin kan tó pọn ọmọ, tó gbé kẹ́ẹ̀gì méjì lọ́wọ́. Láti àdúgbò kẹta ló ti rìn wá. Ó kí wọn dáadáa, ó ní òun rí i lórí tẹlifíṣọ̀n pé omi ti dé ilé wọn, kí wọ́n jọ̀ọ́, kí òun bu díẹ̀.

"Ìyá mi, kò sí omi," Télọ̀ ní. "Táńkà ni. Ẹ wọlé kẹ́ ẹ wá wò ó."

Ó mú un wọ kíṣìnì, ó yí ẹnu ẹ̀rọ síhìn-ín, ó yí i sọ́hùn-ún. Atẹ́gùn lásán ló fẹ́ jáde. Ṣùgbọ́n ojú àlejò náà kò sí lára ẹ̀rọ. Ó ń wo ìkòkò méjì tó kún dé ẹnu, ó ń wo agbada, ó ń wo abọ́ ìfọṣọ.

"Ẹ ti tì í lẹ́yìnkùlé ni," obìnrin náà ní. "Ẹ má bínú, mo mọ̀ pé èèyàn máa pọ̀ jù fún yín. Díẹ̀ péré ni mo fẹ́."

"Mo fi ọmọ mi búra fún yín."

"Mo rí yín, ìyá. Mo fi ojú mi yìí rí yín."

Kí ni Télọ̀ fẹ́ sọ? Ó bu kẹ́ẹ̀gì kan kún fún un nínú omi Ìyá àgbà. Obìnrin náà súre fún un títí dé ojú títì. Bó sì ti jáde tòun ti kẹ́ẹ̀gì kíkún, àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀ rí i, wọ́n yára ẹsẹ̀. Wọ́n di mẹ́ta, wọ́n di méje, garawa ń kan garawa lẹ́nu ọ̀nà. Bí Télọ̀ bá kọ̀ fún ẹnì kan, ahun ni. Bó bá bù fún ẹnì kan, ẹ̀rí nìyẹn pé omi wà. Ọkọ rẹ̀ jáde lọ bá wọn sọ̀rọ̀, ó ní òun gan-an ni òun ya àwòrán náà, kí wọ́n gba òun gbọ́, irọ́ ni. Ọkùnrin kan nínú èrò náà fi í rẹ́rìn-ín, ó ní oníkámẹ́rà tó ń jowú omi inú ilé rẹ̀ rèé.

Télọ̀ padà sí kíṣìnì. Ó di ẹnu ẹ̀rọ náà mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tì í. Ó ti dípẹtà láti ọdún mẹ́rìnlélógún yìí wá, ó ń han. Ó fi gbogbo agbára tì í títí kò fi lè yí mọ́, ó gbé garawa kúrò lábẹ́ rẹ̀. Ìkòkò kan péré ló kù. Ó gbé e lọ sínú yàrá Ìyá àgbà, ó gbé e pa mọ́ sábẹ́ ibùsùn, ó sì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú òkùnkùn, ó gbé ẹ̀yìn tì í.

Níta, wọ́n ń béèrè ilé lọ́wọ́ ara wọn. Ọmọdé kan lára àwọn ará àdúgbò ló fún wọn lórúkọ tí wọn yóò fi pè é, àwọn náà sì gbà á lẹ́nu rẹ̀, tọkùnrin tobìnrin, pẹ̀lú ọ̀wọ̀, bí ẹni ń bẹ olówó.

"Ìyá Olómi! Ẹ jọ̀ọ́, Ìyá Olómi!"

Télọ̀ yára gbójú sókè wo ibùsùn, nítorí ó mọ ohun tí orúkọ náà máa ń ṣe fún ìyá ọkọ rẹ̀. Àmọ́ Ìyá àgbà kò bínú. Wọ́n na ọwọ́ sílẹ̀ nínú òkùnkùn, wọ́n wá orí rẹ̀ kàn, wọ́n gbé ọwọ́ lé e.

"Dá wọn lóhùn, ọmọ mi," wọ́n ní. "Èmi kọ́ ni wọ́n ń pè mọ́."